Bọ́ọ̀lù Méjì, Àpótí Méjì

Tíṣà Akínsànmí kì í na ọmọ. Gbogbo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó fi kọ́ni ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Warri, kò gbé pàṣán rí. Ẹnu ló fi ń nà wọ́n, ẹnu náà sì máa ń dun ọmọ ju pàṣán lọ, torí pé ojú ẹgba a máa san, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí gbogbo kíláàsì bá fi ọmọ rẹ́rìn-ín kò ní oògùn. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó mọ nǹkan, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, irú wọn kì í rọrùn láti bá gbé.

Ó ti fẹ̀yìntì báyìí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, òun àti Rebecca ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Orhuwhorun lẹ́bàá Warri, pẹ̀lú oko ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Bí oòrùn bá ti ń mú páànù gbóná, á gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ igi fúrúùtù, á máa rántí àwọn ọjọ́ tó ti kọjá: òórùn ṣọ́ọ̀kì ní ọwọ́ àárọ̀, òjò tó máa ń lu páànù kíláàsì títí olùkọ́ á fi panu mọ́, fèrè ọkọ̀ láti etí odò, àwọn ọmọ abúlé Ijala tó ń fẹsẹ̀ rìn wá pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́ kí ẹrẹ̀ má baà bà á jẹ́. Ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó máa ń sọ fún Rebecca pé àwọn ọmọ ìgbà náà ló mọ ìwé, Rebecca á sì ní òun ò tíì rí àgbàlagbà tí kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ayọ̀midọ̀tun, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló wá da àlàáfíà yìí rú. Ọdún kẹta ló wà ní yunifásítì, físíìsì ló ń kà, òun sì ni bàbá àgbà rẹ̀ fi ń yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Warri, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Pijin ló fi ń dáhùn. Ó wá lo ìsinmi, ó sì ń kàwé lábẹ́ igi ní àárọ̀ Túsìdeè kan nígbà tí Tíṣà na ọrùn wo ìwé rẹ̀. Ó rí àpótí méjì tí ọmọ náà yà, ó rí bọ́ọ̀lù méjì, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ọdún kẹta ní yunifásítì, bọ́ọ̀lù méjì àti àpótí méjì náà lẹ ṣì ń kà? Ọ̀nà mélòó lèèyàn lè gbà tò wọ́n?”

Ayọ̀midọ̀tun nawọ́ sí ìdáhùn tó kọ. Mẹ́ta ni.

“Mẹ́rin ni,” ni Tíṣà wí, ẹnu ti ń yún un. “Kí méjèèjì wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan. Kí méjèèjì wà lósì, èjì. Kí ti àkọ́kọ́ wà lọ́tùn-ún kí ìkejì wà lósì, ẹ̀ta. Kí a wá pààrọ̀ wọn, ẹ̀rin. Ọmọ kíláàsì mi tó kéré jù mọ̀ ọ́n.”

“Grandpa, for normal ball, na four,” ni ọmọ náà wí. “But this one no be ball. Na atom wey don cold well well. Na three.”

“Tí wọ́n bá tutù ńkọ́? Ṣé òtútù ti jẹ ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rin ni?”

Ayọ̀midọ̀tun rẹ́rìn-ín, ó pa ìwé dé, ó sì ṣàlàyé fún un. Ó ní bí gáàsì bá gbóná, átọ̀mù kọ̀ọ̀kan á máa sáré tirẹ̀, èèyàn lè fojú tọ ọ̀kan bí ìyá ṣe ń fojú tọ ọmọ rẹ̀ láàárín ọjà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mú ooru kúrò lára wọn, tí wọ́n ń mú un kúrò títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan, tí wọ́n tutù ju yìnyín lọ ní ìlọ́po tí ẹnu kò lè sọ, ìrìn wọn á falẹ̀, ara wọn á sì máa fẹ̀, ọ̀kan á wọ inú èkejì bí ìgbì omi kékeré tí ẹ̀kán òjò méjì dá sílẹ̀ lójú odò. Tó bá ti dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni èwo. Kì í ṣe pé ojú ọmọ aráyé ni kò tó o. Èwo-ni-èwo ọ̀hún gan-an ni kò sí. Tí o bá pààrọ̀ wọn, o ò ṣe nǹkan kan, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wàá kà á.

Ó tún ní ìyẹn ló fi jẹ́ pé wọ́n fẹ́ràn láti wà pọ̀. Nínú ọ̀nà mẹ́rin, méjì péré ni bọ́ọ̀lù ti jọ wà nínú àpótí kan, ìdajì nìyẹn. Nínú ọ̀nà mẹ́ta, méjì ni wọ́n ti jọ wà, ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí òtútù bá wá ń le sí i, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn á kó jọ sí ibì kan ṣoṣo nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á sì máa ṣe bí ẹnì kan. Irú átọ̀mù kan wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé bí ìjókòó ọkọ̀ ojú omi ni, àyè kan ẹnì kan, ẹni tó bá pẹ́ dé á lọ jókòó sókè bó ti wù kí òtútù mú tó. Ṣùgbọ́n àwọn tí òun ń kà lọ́wọ́ yìí, àpéjọ ni tiwọn.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” ni Tíṣà bèèrè.

“Dem don do am for laboratory, Grandpa. Dem snap am sef. The man wey first count am like that, dem say people think say him make mistake.”

 Èso fúrúùtù kan já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Tíṣà, kò wò ó. Ó ti gbọ́ mẹ́ta yìí rí. Ó gbọ́ ọ ní ọdún 1993, lẹ́nu ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Maimunah Sàláhúdéènì, òun fúnra rẹ̀ ló sì fún un ní òdo.

Ọdún náà, ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ mú ọmọ mẹ́ta lọ ṣojú wọn níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Asaba. Tíṣà ló ṣe ìdánwò fún wọn. Ìbéèrè kẹfà ni bọ́ọ̀lù méjì tó jọra wọn nínú àpótí méjì, ọ̀nà mélòó, àti ìdá mélòó ni wọ́n ti jọ wà nínú àpótí kan. Máàkì márùn-ún ni. Ogójì ọmọ ló ṣe ìdánwò náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ mẹ́rin àti ìdajì. Maimunah kọ mẹ́ta àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ìdí nìyẹn tí Tíṣà fi ní kó dìde wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Àwọn òbí ọmọ náà wá láti apá Ọ̀yọ́, Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹja yìnyín ni ìyá rẹ̀, Sàlíhátù, ń tà lọ́jà, gbogbo Warri sì ń pè é ní Ìyá Ìbejì nítorí àwọn àbúrò Maimunah.

Ọmọ náà fi òyìnbó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó tán, ó bọ́ sí Yorùbá, torí ó mọ̀ pé Tíṣà gbọ́.

“Sà, ìbejì wà nílé wa. Bí Ìyá wa bá ń rán wọn níṣẹ́, á ní kí ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀kan dúró nílé. Kì í bèèrè èwo. Ohun tó bá rà fún ọ̀kan, ó ti rà á fún èkejì. Àwọn méjèèjì lè wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lè wà nílé, tàbí kí ọ̀kan wà níbí kí ọ̀kan wà lọ́hùn-ún. Mẹ́ta ni, sà.”

Ó yẹ kí àgbàlagbà tó gbọ́ irú èyí jókòó kó ronú. Tíṣà ò jókòó. “Ṣé ẹja ni ìyá rẹ ń tà ni, àbí òun ló ń kọ́ yín ní físíìsì?” Kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn sì wọ̀ ọ́ lórí bí ẹmu. Ó ní kí wọ́n lọ pe àwọn ìbejì wá láti kíláàsì àwọn ọmọ tuntun. Táíyé àti Kẹ́hìndé dé, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀. Tíṣà mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ A síwájú orí ọ̀kan, ó kọ B síwájú orí èkejì. Ó tò wọ́n sọ́tùn-ún àti òsì, ó pààrọ̀ wọn, ó tún pààrọ̀ wọn. “Maimunah, èwo ni èwo? Ṣé o ti wá rí ẹ̀rin?”

Maimunah wo àwọn àbúrò rẹ̀. Tíṣà kọ òdo sínú ìwé máàkì pẹ̀lú báírò pupa. Máàkì mẹ́ta péré ló fi pàdánù àyè láti lọ sí Asaba, bàbá rẹ̀ sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí kò bá lè lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díje, kó wá bá ìyá rẹ̀ ta ẹja. Bó ṣe parí ìwé mẹ́wàá, ibẹ̀ ló gbà lọ. Tíṣà gbọ́ ọ nígbà náà, ó mí kanlẹ̀, ó sì tẹ̀síwájú.

Ọ̀sán Túsìdeè yẹn, ó wọlé lọ fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn. Ìwé máàkì náà ṣì wà níbẹ̀, eèrà ti jẹ etí rẹ̀. Òdo pupa náà ò tíì ṣá.

Rebecca dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi ro ọ̀rọ̀ náà fún un tán. “Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ọkọ mi. Ṣé ọmọ náà á ṣì rántí?”

“Èmi rántí,” ni Tíṣà wí. “Ẹ̀kọ́ tí mo fi ìdánilójú kọ́ ọ ló sọ ọ́ di ẹlẹ́ja. Mo fẹ́ dá máàkì rẹ̀ padà fún un kí n tó kú. Kì í ṣe nǹkan mìíràn.”

“Kò jìnnà jù. Òun ló ni ilé ẹja yìnyín tí Patience ọmọ ọ̀dọ̀ wa ti máa ń ra ẹja fún wa ní Jakpa Road.”

Tíṣà jókòó sórí ibùsùn. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń jẹ ẹja náà, tó sì ń yìn ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ti máa ń wọ̀ lọ kọ́ni, ó fi ìwé náà sínú ọ̀rá, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ló ń tún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sọ. Ó bá ṣọ́ọ̀bù náà láàárín ẹni tó ń ta fóònù àti ẹni tó ń ta kùṣọ́ọ̀nù. Obìnrin kan tó wọ híjáàbù jókòó nídìí ìwọ̀n, súwẹ́tà wà lọ́rùn rẹ̀ nínú ooru Warri, torí pé wíwọlé jíjáde nínú yàrá òtútù náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí Tíṣà tó dárúkọ ara rẹ̀, obìnrin náà ti kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Tíṣà wa.”

“Maimunah. Dìde, ọmọ mi.”

Ó gbé àga fún un. Lẹ́yìn wọn, ọkùnrin kan gbé páálí ẹja jáde látinú òtútù, ó là á mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹja inú rẹ̀ ti dì mọ́ra wọn, wọ́n ti di odindi kan, wọn ò fẹ́ tú. Oníbàárà kan ní, “Oga Táíyé, abeg, separate two for me,” ọkùnrin náà sì dá a lóhùn pé, “Wait, e never ready to leave him brother.” Tíṣà wo ojú rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n.

Ó sọ ohun tó bá wá. Ó sọ ti Ayọ̀midọ̀tun, ó sọ ti gáàsì tí wọ́n mú tutù títí èwo-ni-èwo fi parẹ́ lára rẹ̀. Ó sọ fún un pé ohun tó kọ ní ọdún náà ni àwọn átọ̀mù wọ̀nyẹn ń ṣe gan-an, kò fi ẹyọ kan yẹ̀. Ó ṣí ìwé náà sórí itan rẹ̀. “Mo ṣe àṣìṣe, Maimunah. Mo sì fi ọ́ ṣẹ̀sín. Márùn-ún nínú márùn-ún ló tọ́ sí ọ. Níwájú rẹ ni mo fẹ́ kọ ọ́.”

Maimunah wo òdo pupa náà pẹ́. Ó fi ìka kàn án.

“Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, sà,” ló wí. “Mẹ́rin ni.”

Tíṣà ti múra sílẹ̀ de ìbínú, ó ti múra sílẹ̀ de kí ó lé òun jáde. Kò múra sílẹ̀ de kí ó ní òun jàre.

“Kẹ́hìndé kò nu ṣọ́ọ̀kì yẹn kúrò lójú títí a fi délé lọ́jọ́ náà,” ni Maimunah wí. “Ó ní kí Ìyá wa rí i. Ìyá wa fi etí ìró nu àwọn méjèèjì, ó ní ẹni tó kọ ọ́ kò tíì bí ìbejì rí. Ó tán níbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ti di géńdé, Ìyá wa fẹ́ kí wọ́n lọ gbé ẹja wá. Ó ní, bó ṣe máa ń wí, kí ọ̀kan lọ, kí ọ̀kan dúró nílé. Kò bèèrè èwo. Èmi àti òun la wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọkùnrin kan sáré dé, ó ní ọkọ̀ tí búréèkì rẹ̀ já ti gbá ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, pé kò sí mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì. Ohun tó wí nìyẹn, sà.”

 Ó fa súwẹ́tà rẹ̀ mọ́ra.

“Ìyá wa dìde. Ó ní, ‘Èwo?’ Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ń bèèrè rẹ̀ lọ lójú ọ̀nà láti ibí títí dé ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Èwo, èwo. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ jàre mi. Ẹ jẹ́ kí òdo mi wà bẹ́ẹ̀.”

Omi bọ́ lójú Tíṣà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ti dà nù. “Má bínú,” ló wí. “Má bínú nítorí ṣọ́ọ̀kì yẹn.” Ó ká ìwé náà pọ̀, ó ń wá ọwọ́ ọ̀rá tó fi gbé e wá kó lè máa lọ.

Ìgbà náà ni aṣọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣí. Ìyá arúgbó kan jáde pẹ̀lú ọ̀pá, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Tíṣà dìde. Sàlíhátù ni, ó ti kéré, ó ti rọ, ṣùgbọ́n ohùn Ọ̀yọ́ ẹnu rẹ̀ kò yí padà. Kò wo àlejò. Ibi tí páálí ẹja wà ló kọjú sí.

“Táíyé, Kẹ́hìndé, ẹ ti jẹun?”

Táíyé gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ nídìí ṣòkòtò. “A ti jẹun, Ìyá.”

“Ẹ̀yin méjèèjì?”

“Àwa méjèèjì. A yó.”

“Àlùhámúdúlílàhì,” ni ìyá arúgbó náà wí, ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n.

Maimunah rọra sọ̀rọ̀. “Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọkàn rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. Ọjọ́ tí mo sọ fún yín yẹn ló kọ́kọ́ gbàgbé. Kò bèèrè èwo mọ́.” Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ Tíṣà. Ojú òun náà ti pọ́n. “Èmi ò lè gba máàkì yẹn, sà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ gbé e padà lọ sílé, ẹ fún un. Òun ló kọ́ mi.”

Tíṣà jókòó padà. Ó yọ báírò pupa jáde. Nísàlẹ̀ orúkọ ogójì ọmọ kíláàsì ọdún 1993, ó kọ Sàlíhátù Sàláhúdéènì, ìbéèrè kẹfà, márùn-ún nínú márùn-ún. Ó kọ ọ́ dáadáa.

“Kí lẹ̀ ń kọ?” ni ìyá arúgbó náà bèèrè.

“Máàkì yín ni, Ìyá Ìbejì. Ẹ ṣe ìdánwò, ẹ sì yege. Kò sẹ́ni tó gbà jù yín lọ.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, eyín díẹ̀ tó kù yọ. “Èmi tí mi ò ka ìwé. Àwọn ọmọ mi ńkọ́?”

Tíṣà gbé ojú sókè wo Táíyé, tó dúró pẹ̀lú yìnyín tó ń yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo iwájú orí rẹ̀. Ó wá sí i lọ́kàn láti rántí bóyá òun kọ A síbẹ̀ ni àbí B. Ó wá a títí, kò rí i. Òun tó kọ ọ́ kò mọ èwo ni èwo.

Ó tẹ orí ba sórí ìwé náà, ó kọ Táíyé àti Kẹ́hìndé sórí ìlà kan ṣoṣo, ó sì fún wọn ní márùn-ún.